Òpó Tó Ní Ìṣó 652

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ lónìí. Láti Pleasant Grove tí à ń gbé, tí mo bá gba fríwéè, ọ̀nà márosẹ̀, máìlì mọ́kànlá ni. Tí mo bá gba inú àdúgbò, mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Gáàsì ọkọ̀ wà ní dọ́là 2.69 gálọ́ọ̀nù kan. Inú àdúgbò ni màá máa gbà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó ni, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rìnlá ló háyà rẹ̀ ní 1958 nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gbà kí wọ́n sùn nínú ọgbà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì rà á. Lẹ́tà tí sítì, ìjọba ìlú, kọ sọ pé ilẹ̀ yàrá ńlá lókè ti rì. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó di 15 Ọ́gọ́ọ̀sì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti ilé pa. Àwọn àgbà ẹgbẹ́, àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti rí ẹnì kan tó fẹ́ rà á kó wó o. Káfíńtà mẹ́ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú mi, àwọn náà ní kí wọ́n wó o. Èmi nìkan ni mo ní ó ṣeé tún ṣe.

Alága àwọn àgbà bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú.

Ọ̀rẹ́olúwa ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́. DeSoto ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀, sà." Yorùbá rẹ̀ parí síbẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ó ń gbọ́. Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Ó mú mi gòkè, ó gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àárín yàrá, ó dúró.

"Ọ́ńkù, eré tá a máa ń ṣe fún àlejò nìyẹn."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ̀n ọ́n: ínṣì méjì lé díẹ̀ ni ilẹ̀ náà fi rì. Ẹ̀rín tán.

Túsìdè, 8 Júláì

Ooru 99 Farenháìtì. Mo fi àyà fà wọ abẹ́ ilé láti wo ìpìlẹ̀. Igi tí wọ́n fi kọ́ ilé yìí! Páìnì àtijọ́, ó pọ́n bí epo, ayùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀ ọ́. Ikán ò fẹnu kàn án. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ mọ́, bó bá sì wà, agbára mi ò ká a. Mo wá orúkọ ẹni tó kọ́ ọ lára igi, mi ò rí i. Ẹni náà mọṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe ilé náà: òpó àárín pálọ̀, tó gbé ìtì igi tí ilẹ̀ òkè dùbúlẹ̀ lé. Òpó ínṣì mẹ́jọ ni. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè tó, ìṣó ló bò ó, wọ́n tò wọ́n ní ìlà-ìlà. Mo rò pé ìwé ìkéde ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ọn. Ìṣó ti la igi náà. Mo ti ìka mi bọ inú ibi tó là, ó wọlé dé oríkèé.

Mo fẹ́ fi bẹ́líìtì irin gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà là sí i, nítorí náà mo yọ ìlà ìṣó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mẹ́rìnlá. Ọ̀kan nínú wọn ti tẹ̀, ẹni tó gbá a ti lù ú mọ́ igi bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Òun ló fún mi níṣẹ́ jù.

Nígbà tí mo jẹun ọ̀sán tán, mo na gbogbo wọn lórí sìmẹ́ńtì. Odidi ọdún kìíní tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, ìṣó nínà ni iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi máa ń ní, "Ìṣó kì í kú, ó kàn máa ń wọ́ ni." Mo fi márùn-ún kan pákó méjì tó ń mì lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mẹ́sàn-án tó kù wà nínú agolo kọfí. Ohun tí mo fi pamọ́ lówó kò tó dọ́là kan, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Tọ́sìdè, 10 Júláì

Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni Ọ̀rẹ́ ń ṣe ní pápá ọkọ̀ òfuurufú nínú ọlidé yìí, kò sí nílé láti ìjẹta. Nígbà tó dé lónìí, ó fi ọwọ́ lé òpó náà bí ẹni tó ń kí ènìyàn.

"Ọ́ńkù, ṣé wọ́n ti sọ fún yín nípa èyí?"

"Nípa kí ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ènìyàn sínú ẹgbẹ́, á gbá ìṣó kan mọ́ òpó yìí. Gbogbo wa ni. Èmi nìyí." Ó fi ìka kan ọ̀kan lókè, ó ń dán. "Ti àwọn àgbà ló wà nísàlẹ̀, tiwa ń lọ sókè. Àwọn mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ wà lẹ́sẹ̀ òpó."

Bẹ́líìtì irin mi ló wà lẹ́sẹ̀ òpó. Mo ti fi aṣọ iṣẹ́ bò ó nítorí eruku. Kò ṣí i wò.

Mo ní mo fẹ́ lọ ra pákó. Mi ò ra pákó kankan. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gáàsì ń jó.

Fúráìdè, 11 Júláì

Mi ò tíì sọ.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

Mo sọ fún Folúkẹ́, ìyàwó mi, nígbà tá a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́líìtì ọkọ̀ mú.

"Ọkọ mi, ìwọ tí o máa ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì kí o lè tún un lò! Mo mọ̀ pé nǹkan tí o ń tọ́jú yìí á kó ọ síta lọ́jọ́ kan."

"Ṣé ẹ̀rín ló yẹ kó o máa rín?"

"Ẹkún ńkọ́? Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé bọ́tìnnì kan kiri nínú àpò. Tí a bá fọ ṣòkòtò rẹ̀ tí bọ́tìnnì yẹn sọ nù, kò ní jẹun. Lọ sọ fún wọn lọ́la. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ṣáájú rẹ."

Mọ́ńdè, 14 Júláì

Mo sọ fún Ọ̀rẹ́. Mo ṣí aṣọ kúrò, mo gbé agolo kọfí fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọ́ńkù. Ẹ *nà* wọ́n?"

"Mo nà wọ́n."

"Mẹ́sàn-án ló wà níbí."

"Márùn-ún wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. O ti gun orí wọn láàárọ̀ yìí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ojú sókè, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀.

Ó ní nínú àwọn mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá ti kú. Bàbá Timothy nìkan ló kù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Wylie. Orúkọ rẹ̀ ló kù lórí ìwé ilé. Àwọn àgbà tó kù fẹ́ tà á, láti ọdún méjì ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí i. Kò gbà. Sátidé yìí ló ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi.

Ọ̀rẹ́ ní, "A lè dá wọn padà kó tó dé. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní èmi á mọ̀. Ó wò mí, ó mi orí pé ó dáa. Ọmọ gidi ni.

Wẹ́sìdè, 16 Júláì

Ooru 101. Ọ̀rẹ́ gbé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ jáde fún mi. Orúkọ, ọjọ́, ìlà tí ìṣó wà, láti 1958 di oṣù kẹrin ọdún yìí. Oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé, kò sí ọdún kan tí wọ́n fò. Ní 1969, ènìyàn méjì péré ló wọlé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ti ọdún tí mọ́kànlélógún wọlé. Orúkọ 652.

Mo ka ìṣó tó wà lára òpó lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. 638. Pẹ̀lú mẹ́rìnlá tèmi, 652. Ó pé géérégé. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ẹnì kankan ò gbá méjì, ẹnì kankan ò yọ ti ẹlòmíràn. Mo ti bá ènìyàn púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, mi ò tíì rí ẹgbẹ́ tí nǹkan rẹ̀ pé báyìí. Èmi nìkan ni mo fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí òpó yìí ló ń pa á. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ni òpó náà ń gbé.

Sátidé, 19 Júláì

Bàbá Timothy dé ní agogo mẹ́wàá, ọmọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó ga, ó fi ọ̀pá rìn, ó wọ táì nínú ooru yìí. Alága náà wá.

Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Mo gbé àga fún bàbá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti yọ ìṣó márùn-ún kúrò lórí àtẹ̀gùn lánàá. Mo tẹ́ mẹ́rìnlá sórí aṣọ funfun níwájú rẹ̀.

Ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Èwo ni èmi?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

"Tèmi ò ṣòro mọ̀. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mi ò mọ hámà lò. Pásítọ̀ ni bàbá mi, kò sí hámà nílé wa. Mo gbá a, ó tẹ̀. Mo tún gbá a, ó sùn. Àwọn mẹ́tàlá yòókù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tí mo gbéyàwó, wọ́n kó ìṣó tó tẹ̀ wá fún mi lẹ́bùn, àpótí kan! Nígbà ìsìnkú ẹni ìkẹtàlá wọn, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo dé ibí, mo wo ẹsẹ̀ òpó yìí, mo rí ara mi níbẹ̀ tí mo dùbúlẹ̀. Mo ní, ó dáa, ẹ ṣì wà, mo ṣì wà." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí aṣọ funfun náà. "Báyìí gbogbo wa ti dúró ṣánṣán. Káfíńtà, o ti na mí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

Kò bínú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bínú. Ó kàn dìde, ó sọ fún alága pé, "Mú ìwé tó o fẹ́ kí n fọwọ́ sí wá sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá wò ó."

Ọ̀rẹ́ bá a dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tó padà, kò wo ojú mi. "Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí, Ọ́ńkù. Láti ọdún méjì, kò tíì ní òun á wò ó."

Túsìdè, 22 Júláì

Alága ti lọ sí Wylie. Bàbá ní òun á fèsì lẹ́yìn tí ẹni tí sítì máa rán bá ti yẹ ilé wò tán, ní 15 Ọ́gọ́ọ̀sì. Ó kù ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

Tọ́sìdè, 24 Júláì

Jameelah, obìnrin tí sítì rán, wá wo ibi tá a dé. Kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, ó mọṣẹ́, kò gba omi tí mo gbé fún un. Ó tanná sínú ibi tí òpó là.

"Èyí ò lè gbé nǹkan kan mọ́. Yọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ dá a dúró. Mo bi í pé, "Tí kò bá gbé nǹkan kan ńkọ́, mà? Tí mo bá ri òpó tuntun méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àwọn yẹn gbé gbogbo ẹrù, tí eléyìí kàn dúró?"

Ó ronú. "Nígbà náà, ọ̀ṣọ́ ni. Mi kì í yẹ ọ̀ṣọ́ wò. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi hàn mí pé kò gbé nǹkan kan."

Mọ́ńdè, 28 Júláì

Òpó tuntun méjì, 51 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ilé ìtajà kejì, 46.50. Mo lọ sí ìkejì. Sìmẹ́ńtì báàgì mẹ́fà fún ẹsẹ̀ wọn. Jáàkì mẹ́rin, mo háyà wọn lọ́wọ́ ọkùnrin Mẹ́síkò tó ń tún ìpìlẹ̀ ṣe ní àdúgbò wa. Ó ní kí n kàn bá òun kan ilẹ̀kùn kan.

Ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lóòjọ́ ni màá máa fi jáàkì gbé ilẹ̀ òkè sókè. Tí mo bá kánjú, pílásítà òkè á ya, fèrèsé á fọ́. Ínṣì méjì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Díẹ̀ tó kù, mo máa fi sílẹ̀ fún ọjọ́ orí ilé.

Fúráìdè, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò ńlá, ààrá. Ilé náà ń ké lórí jáàkì bí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ibì kan tó ya. Ẹni tó kọ́ ilé yìí, Ọlọ́run á san án fún un.

Sátidé, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Láti ọjọ́ tí bàbá ti lọ ni mo ti ń wo ìṣó mẹ́rìnlá yẹn. Lónìí mo dákẹ́ jẹ́jẹ́, mo ronú bí ọ̀gá mi ṣe máa ronú. Hámà tí a fi na nǹkan kì í pa gbogbo ojú àpá rẹ́. Ẹ̀yìn hámà ni mo fi yọ àwọn yòókù, nítorí náà gbogbo wọn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítòsí orí. Ṣùgbọ́n ti bàbá ti tẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n sì lù ú mọ́ igi. Ìṣó tí wọ́n bá lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ.

Mo gbé gíláàsì fèrèsé kan lé orí tábìlì, mo ń yí wọn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń yí, wọ́n ń dún. Ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Ìkọkànlá yí ìdajì, ó dúró. Mo tún yí i, ó tún dúró síbì kan náà. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ṣíbí, orí rẹ̀ sì ṣẹ́ sí apá kan.

Mo pe Folúkẹ́ pé mo ti rí bàbá.

"Bàbá wo?"

"Bàbá Timothy. Orí gíláàsì fèrèsé lórí tábìlì mi ló wà."

Ó ní kí n lọ mu omi, kí n kúrò nínú oòrùn.

Sọ́ńdè, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo wakọ̀ dé Wylie lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, máìlì márùndínlógójì, mo gba fríwéè. Mi ò fi ìṣó náà hàn án nìkan. Mo kó gbogbo mẹ́rìnlá lọ, mo dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mi ò sọ èyí tó jẹ́.

Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dé ọ̀kan, ó dúró.

"Wò mí," ó ní. "Wò mí o."

Òun ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde láti ilé ìdáná wá wo ohun tó ń pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ó pa ìyẹn mọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dá mẹ́tàlá padà fún mi. Ó ní, "Tí obìnrin sítì yẹn bá gbà fún ọ, pè mí. Tí kò bá gbà fún ọ, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti pè mí, màá ti mọ̀."

Tọ́sìdè, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ooru 104. Bọ́ọ̀lù Ọ̀rẹ́ ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ó ti ń ronú kó tó lọ.

Wẹ́sìdè, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òpó tuntun méjèèjì ti gba ẹrù. Mo tú jáàkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fi etí lé igi. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé díẹ̀ lórí òpó àtijọ́, níbi tó ti kan ìtì igi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í, òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tó sinmi.

Fúráìdè, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Jameelah dé ní agogo mẹ́sàn-án. Ó wọ abẹ́ ilé fúnra rẹ̀, ó gòkè, ó fo sókè lẹ́ẹ̀mẹta ní àárín yàrá. Ọ̀rẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bọ́ọ̀lù jókòó síbẹ̀ bí ẹyin.

Ó sọ̀kalẹ̀ wá sídìí òpó àtijọ́. "Fi hàn mí."

Mo gun àtẹ̀gùn kékeré, mo mú abala ìwé kan, mo fi sáàárín orí òpó àti ìtì igi. Ó wọlé. Mo fà á láti apá kejì, ó jáde, kò ya. Mo gbé e fún un, òun náà gùn ún, òun náà ṣe é.

Ó buwọ́ lu ìwé tirẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó yí padà. "Ìṣó mélòó ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "652, mà. Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá ò sí nílé."

Mo pe Wylie. Bàbá ní dípò kí òun fọwọ́ sí ìwé alága, òun ti fi nu ìdí ife kọfí.

Sátidé, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti tú bẹ́líìtì irin kúrò lẹ́sẹ̀ òpó, mo ti gbẹ́ igi kéékèèké, mo sì ti kì wọ́n bọ inú ihò mẹ́rìnlá náà kí ìṣó lè rí nǹkan dì mú. Mo sì ti kan pákó páìnì fífẹ̀ kan mọ́ ògiri fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí kò gbé nǹkan kan. Mo sọ fún Ọ̀rẹ́ pé tí ẹnikẹ́ni bá tún gbá ìṣó mọ́ òpó mi tuntun, màá ti Pleasant Grove wá kan etí rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Yes, sà." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí ogójì pé. Alága náà wá, ó sì bọ́ kóòtù.

Mẹ́tàlá yẹn, Bàbá Timothy pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ ìṣó kọ̀ọ̀kan wọlé, mo ń fi hámà kan án jẹ́jẹ́. A ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Bàbá ní kò burú, ẹ̀wù ara wọn ni wọ́n ń wọ̀ nígbà yẹn náà.

Ó ku ọ̀kan. Mo na ọwọ́ kí n gbà á. Kò fún mi. Ó ní kí n gbé hámà wá.

Ọ̀rẹ́ gbé tìmùtìmù sílẹ̀, wọ́n di bàbá mú ní apá méjèèjì títí ó fi kúnlẹ̀. Mo bá a gbé ìṣó náà sójú ihò. Ó gbá a, ó wọlé díẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi láti sọ fún un pé kó di hámà náà mú nísàlẹ̀. Ó tún gbá a.

Ó tẹ̀.

Bàbá wò ó. Ó gbé hámà sókè, ó lù ú mọ́ igi pẹlẹbẹ, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ògiri ń dún.

"Káfíńtà," ó ní látorí ìkúnlẹ̀, "má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án, sà."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbálẹ̀. Mo rí ìṣó wíwọ́ mẹ́ta lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, tèmi ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Mo nà wọ́n, mo kó wọn sínú agolo. Ti bàbá wà lẹ́sẹ̀ òpó, ó dùbúlẹ̀.